Agúnmániyè Ẹ̀yìnkùlé Ìyá Mi

Lọ́sẹ̀ tí a sin ìyá mi, ebi ń pa ewúrẹ́ mẹ́ta tí wọ́n fi sílẹ̀. Inú ọgbà kékeré tó wà lẹ́yìnkùlé ilé wa ní Bàrígà ni àwọn ẹran náà wà, wọ́n ń ké látàárọ̀. Mo ń gbọ́ igbe wọn bí ẹni tó ń gbọ́ jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò.

Nígbà tó yá, mo mú àdá, mo gé ẹ̀ka agúnmániyè tó wà létí ògiri. Oko kòkó bàbá ìyá mi ní Oǹdó ni wọ́n ti mú igi náà wá nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé ilé yẹn. Ọ̀pá lásán ni, kò ní gbòǹgbò. Wọ́n gún un mọ́lẹ̀, ó yè. Wọ́n ní ibi tó ti rí orúkọ rẹ̀ nìyẹn: bí a bá ti gún un, kò ní ṣàìyè.

Mo da ewé náà síwájú àwọn ewúrẹ́. Wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n yíjú kúrò.

Àbúrò ìyá mi, tó ti Oǹdó wá bá wa ṣọ̀fọ̀, yọjú láti ilé ìdáná.

"Wọn ò ní jẹ ẹ́ ní tútù báyẹn. Jẹ́ kó rọ ná. Bí ìyá ẹ ṣe máa ń ṣe é nìyẹn."

"Mi ò mọ̀, Àǹtí."

Mo sá a sórí páànù. Bí mo ṣe jókòó tì í, mo wá ìtàn igi náà lórí fóònù. Mẹ́síkò àti àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nítòsí rẹ̀ ló ti wá. "Ìyá kòkó" ni àwọn kan níbẹ̀ ń pè é, nítorí abẹ́ òjìji rẹ̀ ni kòkó ti ń dàgbà. Àwọn mìíràn ń pè é ní "apèkúté", nítorí wọ́n ń fi èèpo àti kóró rẹ̀ ṣe májèlé eku. Mo kà á sí Àǹtí létí.

"Ìyá kòkó," ni wọ́n wí. Wọ́n tún un pè. Ni wọ́n bá bú sẹ́kún, wọ́n fi etí ìró bojú.

Mo ń wò wọ́n. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí èmi náà sunkún, ṣùgbọ́n ojú mi gbẹ. Mo bu omi fún Àǹtí.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn ewúrẹ́ jẹ ewé náà láìṣẹ́kù. Àǹtí ní àwọn á kó wọn lọ sí Oǹdó, torí kò sẹ́ni tó máa tọ́jú wọn. Lẹ́yìn tí wọ́n lọ, mo gbálẹ̀, mo tilẹ̀kùn, mo padà sẹ́nu iṣẹ́ ní Palmgrove.

Bàbá tó ń ṣọ́ géètì ọ́fíìsì wa ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìsinmi dé ni. Wọn ò tíì gbọ́.

"Ẹ káàárọ̀ o. Màmá ńkọ́?"

"Wọ́n wà, sà," ni mo wí, mo wọlé lọ.