Àwa Tí A Ń Ṣa Pàǹtí ní Woliwo

Kò pẹ́ lẹ́yìn òmìnira tí ọkọ mi mú mi wá sí Onitsha gẹ́gẹ́ bí ìyàwó tuntun. Aṣọ ló ń tà ní ọjà ńlá tó wà létí odò, Woliwo la sì ń gbé. N kò gbọ́ Igbo rárá nígbà náà. Obìnrin tó kọ́ mi ni agbẹ̀bí tó ń gbé nílé kejì sí tiwa, opó kan tó ti ń gbẹ̀bí kí wọ́n tó bí mi. Nne ni gbogbo àdúgbò ń pè é, ìyẹn ni ìyá lédè tiwọn, èmi náà sì ń pè é bẹ́ẹ̀. Òun ló gbẹ̀bí ọmọbìnrin mi, àkọ́bí mi. Ó gbé e sókè, ó wò ó dáadáa, ó ní, "Tèmi lèyí. Ìwọ kàn bá mi gbé e wá ni."

Nígbà tí ọ̀rọ̀ ogun bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, àwọn ará ìhà ọ̀dọ̀ wa ń kó ẹrù kọjá afárá, àwa náà kó. Nne ló pọn ọmọ náà dé ibi tí ọkọ̀ ti ń gbé èrò. Ó tú u sílẹ̀, ó pọ̀n ọ́n sí mi lẹ́yìn, ó sì yíjú padà sílé. Kò dúró títí ọkọ̀ fi gbéra.

Ìbàdàn la sá lọ. Ibẹ̀ ni ibà ti pa ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́rin. Láti ọjọ́ náà ni ọkọ mi kò ti mọ orúkọ tí yóò máa pè mí mọ́.

Ogun parí, ọkọ mi kọ́kọ́ dá padà sí Onitsha, ó tún páànù sórí yàrá méjì nínú ilé wa, ó sì wá mú mi. Nne jókòó lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ nígbà tí a dé. Ó ti rù kan egungun. Kò kí mi kó tó bèèrè pé, "Ọmọ mi dà?"

Ilẹ̀ ni mo ń wò. Nígbà tó yá, mo bèèrè ọmọkùnrin rẹ̀, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, tó wà nílé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ kí ogun tó dé. Òun náà wo ilẹ̀. Kálukú wa sì wọlé tirẹ̀ lọ. Fún bí oṣù méjì, "ẹ káàárọ̀" àti "ẹ kúulé" nìkan ló ń kọjá láàárín wa.

Ara mi kò dá. N kì í sùn, oúnjẹ kò sì wù mí. Bí ọkọ mi bá ń lọ sọ́jà láàárọ̀, orí bẹ́ẹ̀dì ni yóò fi mí sí, ibẹ̀ náà ni yóò sì bá mi. Kò bínú. Fúnra rẹ̀ ló ń dáná.

Láàárín ilé wa àti ti Nne, òkìtì pàǹtí kan wà tó ga tó èèyàn: páànù tó ti ya, ìgò fífọ́, agolo, àkísà, eérú. Gọ́tà ti dí pa. Ní àárọ̀ Sátidé kan, ọkọ mi se ọbẹ̀ tán, ó bu tèmi sílẹ̀, kí n tó tọwọ́ bọ̀ ọ́, eṣinṣin ti bò ó. Inú bí mi. Ó ti pẹ́ gan-an tí ohunkóhun ti ṣe mí bẹ́ẹ̀. Mo dìde, mo mú ọkọ́ àti apẹ̀rẹ̀, mo bọ́ síta, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa agolo.

Nne ń wò mí láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Nígbà tó ṣe, ó ní, "Bí o bá ń bẹ̀rẹ̀ báyẹn, ẹ̀yìn á dùn ọ́ lọ́la. Tẹ orúnkún rẹ."

Mo tẹ orúnkún. Ó wọlé, ó so aṣọ rẹ̀ mọ́dìí, ó sì jáde pẹ̀lú abọ́ ńlá kan. A ṣa pàǹtí títí oòrùn fi dé àtàrí. Ọjọ́ yẹn ni mo sùn, n kò sì jí títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ní Sátidé kejì, òun ló kan ilẹ̀kùn. "Ṣé o ti jí? Gọ́tà ṣì kù."

Bàbá kan tó jẹ́ Mùsùlùmí, ará ìlú wa, tó ń ta tùràrí àti ìlẹ̀kẹ̀ lódìkejì títì, mú ọmọlanke rẹ̀ wá. Àwọn ìyàwó rẹ̀ méjèèjì tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn wọn ni télọ̀ kan pẹ̀lú aya rẹ̀. Onílé kan dúró, ó ń fi wá rẹ́rìn-ín. "Kí lẹ fẹ́ fi ìdọ̀tí ṣe? Iṣẹ́ ìjọba mà ni."

Bàbá dá a lóhùn pé, "Tí ìjọba bá dé, a ó sọ fún un pé a ti bá a ṣe é."

Ọkùnrin kan wà tó máa ń jókòó lábẹ́ igi agbálùmọ̀ ní ìkángun àdúgbò, tí kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Tíṣà ni kó tó di sójà Biafra, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kò sì gún mọ́ láti ojú ogun. Ó máa ń wò wá láti òkèèrè. Ní Sátidé kan tí mo fẹ́ fa irin ribiti kan jáde nínú ẹrẹ̀ gọ́tà, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn mi. "Madam, no touch am." Ó rọra sọ ọ́. Mo ká ọwọ́ kò.

Ọta àgbá ńlá tí kò tíì bú gbàmù ni. Ó ní kí gbogbo wa sún sẹ́yìn, ó rán télọ̀ lọ sí bárékè, òun fúnra rẹ̀ sì dúró sójú ọ̀nà kí ẹnikẹ́ni má bàa kọjá. Orí ẹsẹ̀ tó ń dùn ún yẹn ló dúró sí títí ọ̀sán fi pọ́n. Nígbà tí àwọn sójà ìjọba dé, olórí wọn bi í pé báwo ló ṣe mọ ohun tó jẹ́. Ó ní, "Mo ti gbé irú rẹ̀ rí." Àwọn méjèèjì wo ara wọn. Ẹ̀rù bà mí. Sójà náà na ìgò omi rẹ̀ sí i, ó gbà á, ó mu. Wọ́n sì gbé ọta náà lọ.

Láti ìgbà náà, òun ló máa ń fi ọ̀pá rẹ̀ yẹ ibi gbogbo wò kí a tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí a bá ṣe tán, a máa ń jókòó síwájú ilé Nne, a ó jẹ àkàrà, a ó mu ògì gbígbóná. Tíṣà tí kì í sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ di ẹni tó ń dá wa lẹ́rìn-ín. Ìyàwó télọ̀ ní ọkọ òun kì í lọgun lójú oorun mọ́. Ní tèmi, mo ti ń jẹun, mo sì ti ń tẹ̀ lé ọkọ mi lọ sọ́jà.

Ní Sátidé kan, lẹ́yìn tí àwọn yòókù ti lọ, Nne ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀, bí ó ṣe máa ń sá fún omi ìwẹ̀ ní kékeré tí gbogbo àdúgbò á máa lé e. Ó rẹ́rìn-ín, omi sì ń dà lójú rẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo tó lè sọ ohun tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí, tí èmi àti ọkọ mi nìkan mọ̀. Mo ní, "Nne, nígbà tí ara ọmọ wa kò yá n'Ìbàdàn, ìwọ ló ń pè. Èdè Igbo ló fi ń pè ọ́. Àwọn tó wà nílé kò gbọ́ ohun tó ń sọ."

Nne fa orí mi sórí itan rẹ̀, ó ń fọwọ́ pa irun mi. Ó ní, "O ṣé tí o sọ fún mi."

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ dé, gbogbo wa jáde wá wo gọ́tà. Omi kún un, kò dúró, ó ń ṣàn lọ sọ́nà odò. Ọkọ mi ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè dé orúnkún, ó ń tẹ̀ lé omi náà bí ọmọdé. Ó ń sọ ṣáá pé, "Ó ń lọ. Ẹ wò ó, ó ń lọ."

Nne gbẹ̀bí ọmọ méjì sí i fún mi kí ọwọ́ rẹ̀ tó rẹ̀. Igbo yọ̀ mọ́ àwọn méjèèjì lẹ́nu ju Yorùbá lọ. Mo ti dàgbà báyìí, mo sì ti sin Nne, mo ti sin ọkọ mi. Tí mo bá ń gbàdúrà ọpẹ́, mo máa ń dárúkọ gbogbo wọn, tó fi dé orí onílé tó fi wá rẹ́rìn-ín, nítorí òun náà gbé ọkọ́ rẹ̀ jáde nígbẹ̀yìn.