Ọwọ́ Òsì Kóòṣì Mùkáílà

Ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni idà bọ́ lọ́wọ́ Mùkáílà. Ẹnikẹ́ni kò gbá a bọ́. Ó kàn dúró lójú kan bí ó ti máa ń dúró láti ọdún méjìlélógún, ó na idà sí Ruqoyah, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tó ń kọ́, ó ní kó wá, ọmọ náà sì wá. Ohun tó gbọ́ lẹ́yìn náà ni ariwo irin lórí sìmẹ́ńtì. Ó wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ọwọ́ náà ṣì ká bíi pé ó di nǹkan mú, òun gan-an kò sì mọ ìgbà tí nǹkan ọ̀hún lọ.

"Mò ń dán ẹ wò ni," ló wí, ó sì rẹ́rìn-ín. Ruqoyah náà rẹ́rìn-ín, torí ọ̀gá rẹ̀ kì í purọ́ fún un. Ṣùgbọ́n àyà Mùkáílà ti já.

Kóòṣì ni gbogbo Ìkòsí ń pè é. Eré idà ló ń kọ́ àwọn ọmọ, èyí tí òyìnbó ń pè ní fẹ́nsìn, nínú gbọ̀ngàn kan lókè ilé ìtajà, níbi tí òórùn tòmátò Mile 12 ti ń gba ojú fèrèsé wọlé láìkanlẹ̀kùn. Nígbà tó kọ́kọ́ gbé pátákó rẹ̀ síta, àwọn onílé ló ń wá a wá, wọ́n rò pé ẹni tó ń mọ fẹ́ǹsì yí ilé ká ni. Ẹnì kan tilẹ̀ ti kó búlọ́ọ̀kù sílẹ̀ dè é.

Ohun tó ń bà á lẹ́rù yìí ní orúkọ. Ẹ̀gbà ni. Alábàárù ni Gafar bàbá rẹ̀ ní Mile 12, ọkùnrin tó ń gbé àpò àlùbọ́sà bí ẹni gbé ìrọ̀rí. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ife tíì bọ́ lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó ní kò sí nǹkan. Kí oṣù náà tó parí, apá náà ti rọ, ẹnu ti yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọdún méje gbáko ni wọ́n sì fi ń bọ́ ọ bí ọmọ ọwọ́. Ọmọ ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta ni nígbà náà. Ó ku oṣù mẹ́ta kí Mùkáílà pé iye ọdún yẹn.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, títí kan Ajarat ìyàwó rẹ̀. Tó bá ti kí ìrun àfẹ̀mọ́júmọ́ tán, á bẹ̀rẹ̀ sí í sáré láti Ìkòsí dé Kétu, bíi pé nǹkan ń lé e. Nǹkan sì ń lé e lóòótọ́. Bó bá wá dé gbọ̀ngàn, ojú kan náà ló máa dúró sí títí di ìrọ̀lẹ́, ẹsẹ̀ ọ̀tún níwájú, tòsì lẹ́yìn, ikùn á máa ti jákẹ́ẹ̀tì awọ rẹ̀ síwájú. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ló ń jẹun ọ̀sán. Ẹ wo ẹni tó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ bí wọ́n ṣe ń ta pọ́ún-pọ́ún, tí òun fúnra rẹ̀ ń dúró gbagidi bí òpó iná!

Kabir télọ̀ ló dá kún un. Ó ń wọn ẹsẹ̀ rẹ̀ fún ṣòkòtò, ló bá dáwọ́ dúró, ó tún un wọ̀n.

"Kóòṣì, itan ọ̀tún yín fi ínǹṣì méjì ju tòsì lọ o. Ṣé kí n rán ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ ni?"

Kabir rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Mùkáílà kò rẹ́rìn-ín. Nǹkan tó yé e ni pé ọwọ́ ọ̀tún ń kú lọ, ẹsẹ̀ òsì sì ń gbẹ. Ó fi fìlà rẹ̀ sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, ó gba Ifákọ̀ lọ, sọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń jẹ́ Damaris, tó máa ń tún iṣan àti oríkèé ara ṣe.

Damaris wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, "Daddy, ẹ fi nǹkan tẹ́ ẹ máa ń ṣe látàárọ̀ ṣúlẹ̀ hàn mí." Mùkáílà gbé ìgbálẹ̀ tó wà nídìí ògiri, ó nà án bí idà, ó sì dúró. Damaris ń wò ó, ó ń retí kó rìn. Nígbà tí kò rìn, ó di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, ó tẹ̀ ẹ́, nǹkan sì ta á títí dé ìgbúnwọ́ bíi pé iná mànàmáná gbé e.

"Ẹ̀gbà kọ́ o," ni Damaris wí. "Ẹsẹ̀ òsì yín ò gbẹ, kò ṣiṣẹ́ rí ni. Ọ̀tún nìkan lẹ ti ń lò láti ọjọ́ yìí wá, ó ti sú u. Iṣan ti há sínú ọrùn ọwọ́ yín."

Ọkàn rẹ̀ fẹ́ balẹ̀, ṣùgbọ́n obìnrin náà kò tíì sọ̀rọ̀ tán.

"Tẹ́ ẹ bá ń bá a lọ báyìí, kọ́dún yìí tó parí, ọwọ́ yẹn ò ní lè di ṣíbí mú mọ́. Ẹ máa nara káwọn ọmọ tó dé. Tí wọ́n bá gbẹ́sẹ̀, kẹ́yin náà gbẹ́sẹ̀. Ẹ jẹun lásìkò. Idà yẹn sì rèé, ọwọ́ òsì lẹ máa fi mú un fún oṣù mẹ́ta."

"Ọwọ́ èwo?"

"Òsì."

Bí ẹ̀rù kan ṣe ń jáde ni òmíràn ń wọlé. Nínú eré idà, ẹnikẹ́ni kì í bẹ̀rẹ̀ láìkí ẹnì kejì: wọn á gbé idà sókè síwájú orí, wọn á sì rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ta ló fẹ́ fi ọwọ́ òsì kí ọmọ àwọn ìyá Mile 12, àwọn tó ń lu ọmọ tó bá fi òsì na omi inú ọ̀rá sí àgbà? Alhaja Roheemat, ìyá àgbà Ruqoyah, olórí àwọn aláta, kì í pa Sátidé kankan jẹ. Orí bẹ́ǹṣì ló máa ń jókòó sí pẹ̀lú tẹ̀sùbáà rẹ̀, òun ló sì kó àwọn ìyá yòókù wá. Bó bá dìde, gbogbo bẹ́ǹṣì á dìde, gbọ̀ngàn á sì tú. Mùkáílà gbìyànjú nílé kó fi ọ̀tún kí, kó tó wá gbé idà sí òsì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni idà já lé e lọ́mọ ìka ẹsẹ̀.

Nígbà tí Sátidé dé, ó gbé ọwọ́ òsì sókè. Idà Ruqoyah dúró lágbedeméjì, ó bojú wo ìyá àgbà rẹ̀.

"Mùkáílà!" Alhaja ti ń dìde, kò fi Kóòṣì kún un. "Ọwọ́ òsì lo fi ń kí ọmọ mi? Ṣé ẹrú ẹ ni?"

Irọ́ mẹ́ta ló ti tò sílẹ̀ látilé, kò rí ọ̀kankan pa.

"Ẹ má bínú, Alhaja. Ọwọ́ ọ̀tún mi ló ń kú lọ. Idà bọ́ lọ́wọ́ mi lọ́jọ́sí, mo purọ́ fún Ruqoyah pé mò ń dán an wò. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ lára bàbá mi nìyẹn. Ẹ̀rù ń bà mí."

Alhaja mọ Gafar. Ó mọ̀ ọ́n nígbà tó ń gbẹ́rù, ó sì mọ̀ ọ́n nígbà tí wọ́n ń bọ́ ọ. Ó ká tẹ̀sùbáà rẹ̀ sọ́wọ́, ó sì padà jókòó.

"Ṣé o ò lẹ́nu ni? Ẹni tó bá fẹ́ lo òsì, ṣebí ó máa ń bẹ̀bẹ̀ ẹ̀ ni. Bẹ̀bẹ̀, kó o máa ṣiṣẹ́ ẹ."

Mùkáílà tún gbé idà sókè. "Ẹ má bínú ọwọ́ òsì o."

"Kò sí nǹkan, sà," ni Ruqoyah wí, òun náà gbé tirẹ̀ sókè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lé ọ̀gá rẹ̀ kiri gbọ̀ngàn. Ẹsẹ̀ òsì ń gbọ̀n. Òógùn bo ojú. Ọmọ tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ gún un láyà lẹ́ẹ̀mẹsàn-án, ojú sì tì í.

Báyìí ni wọ́n ń ṣe é fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó ń nara, ó ń jẹun lásìkò, ó ń bá àwọn ọmọ lọ, ó ń bá wọn bọ̀. Ikùn ti ń fà sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n láràárọ̀, kó tó dìde lórí ẹní, á já àtàǹpàkò ọ̀tún rẹ̀ àti ìka méjì tó tẹ̀ lé e léèékánná, kò sì ní mọ̀ ọ́n lára. Ọjọ́ orí bàbá rẹ̀ ń bọ̀. Bóyá Damaris ṣì í wò. Bóyá ó mọ̀, tí kò fẹ́ sọ.

Ní Sátidé kẹrin, Ruqoyah fò wọlé sí i. Mùkáílà yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí aláìmọ̀kan, ó gbàgbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ síwájú láìfi nǹkan bò ó, ṣóńṣó idà sì bà á ní àtàǹpàkò. Igbe tó ké, àwọn tó wà nísàlẹ̀ gbọ́ ọ.

Ruqoyah ju idà nù, ó kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ sà! Mi ò mọ̀ọ́mọ̀!" Alhaja ti dìde, gbogbo bẹ́ǹṣì ti dìde.

Mùkáílà kò wo ẹnikẹ́ni. Àtàǹpàkò rẹ̀ ló ń wò, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀ sára jákẹ́ẹ̀tì. Ó na ọwọ́ náà síwájú ọmọ tó kúnlẹ̀.

"Tún un gún."

"Sà?"

"Gún un, Ruqoyah. Ó dùn mí. Gún èyí tó tẹ̀ lé e náà."