Èébì Ajá Nínú Ọgbà Yèyé Mi

Lánàá, òjò pa eérú tí ọmọ mi dà sẹ́yìn ilé. Òórùn rẹ̀ bí mi nínú, bó ṣe máa ń bí mi láti kékeré.

Nǹkan kan tó pọ́n bí ìyeyè, tó rí pọ̀tọ̀pọ́tọ̀, ló bo ìdí ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ yèyé mi nígbà náà ní Adó. Ó fi ọkọ́ ha á dànù lẹ́ẹ̀mejì, ó tún yọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta, ó ké sí ọdẹ tó múlé tì wá.

"Baba Ọdẹ, ajá yín tún ti bì sórí ẹ̀fọ́ mi! Ṣé ààtàn lẹ sọ ọgbà mi dà ni?"

"Ìyàwó, ajá tí ò jẹun láti àná, kí ló fẹ́ bì?"

"Ẹ bi í léèrè!"

Ọ̀rọ̀ sú baba. Ó fa ajá náà lọ fún àna rẹ̀ ní Ìkẹ́rẹ́. Èmi tí mo máa ń fún un léegun sunkún tẹ̀lé wọn títí dé ojú ọ̀nà.

Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ara koríko jíjẹrà ni nǹkan náà ti máa ń hù bí olú fúnra rẹ̀.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì tí ajá náà lọ, òmíràn ti yọ. Yèyé mi wò ó, ó wò mí, ó bu eérú bò ó.

"O ò gbọdọ̀ sọ fún Baba Ọdẹ o."