Abẹ́rẹ́ Inú Àpò Dàńṣíkí

Inú ń bí mi gan-an.

Wọ́n ti gbé ìyàwó mi dé ẹnu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ abẹ láàárọ̀ yìí, ni nọ́ọ̀sì bá ní kí n mú abẹ́rẹ́ tí mo rà wá. Ó gbọ́dọ̀ wọ ara rẹ̀ kí dókítà tó fi abẹ kàn án, kí egbò má baà kẹ̀.

Mo wá a tì. Oògùn tó wọ́n bí ojú ní gbogbo Ṣakí!

Àṣé Bàbá Rúkáyá, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ti kó o sápò dàńṣíkí wọn.

"Egbò ò tíì sí, ẹ fẹ́ lo oògùn egbò? Mo tọ́jú ẹ̀ ni. Tó bá kẹ̀, a ó lò ó."

Ìyàwó mi ń wò mí látorí bẹ́ẹ̀dì.

"Bàbá, àgbàdo tẹ́ ẹ fẹ́ gbìn, ìgbà wo lẹ máa ń fi oògùn yí i?"

"Kí n tó gbìn ín ni. Tí kòkòrò bá ti jẹ ẹ́ tán, kí loògùn fẹ́ ṣe?"

"Ṣé ìyàwó mi wá kéré sí irúgbìn àgbàdo ni?"

Wọ́n tọwọ́ bọ àpò. Wọ́n na abẹ́rẹ́ sí nọ́ọ̀sì.

Ìyàwó mi ti jí, a dúpẹ́. Àmọ́ Bàbá Rúkáyá ní kí n wá dọ̀bálẹ̀, torí mo gbó àgbà lẹ́nu.

Ẹ̀yin èèyàn mi, èmi ni kí n bẹ̀bẹ̀?