Ìkíni tó Fẹ́rẹ̀ẹ́ Ba Ọ̀rọ̀ Jẹ́ ní Dallas

Àkùkọ kò tíì kọ nígbà tí mo gbé báàgì méjì sínú mọ́tò ní Ìsẹ́yìn. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náírà ni awakọ̀ gbà dé Ìkẹjà, ó sì fi iyàn jíjà sí i lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ní, "Mọ̀mí, Amẹ́ríkà ni ìjọba ti ń gbọ́ tará ìlú." Mo ní ta ló sọ fún un? Ó ní òun rí i lórí fóònù. Mo rẹ́rìn-ín. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ṣe alábẹ̀wò ilé-ìwé. Iṣẹ́ mi ni kí n má gba ohun tí wọ́n bá sọ gbọ́, àfi èyí tí mo bá fojú rí. Mi ò gba olóṣèlú gbọ́, mi ò sì gba wòlíì gbọ́. Àbúrò mi Kọ́lá ló ní kí n wá. Kídìnrín Bímpé, ìyàwó rẹ̀, ti daṣẹ́ sílẹ̀, ọkàn wọn kò sì balẹ̀.

Ooru tó pàdé mi ní Dallas, ti Ìsẹ́yìn kò tó o. Oak Cliff ni Kọ́lá ń gbé, nínú ohun tí wọ́n ń pè ní apátímẹ́ǹtì, ilé ńlá tí ọ̀pọ̀ èèyàn háyà, tí aládùúgbò kì í bi ara wọn bí wọ́n ṣe jí. A yà ra iṣu lójú ọ̀nà. Ẹyọ kan, dọ́là méjìdínlógún! Mo dá a padà sórí àtẹ, mo ní ìrẹsì la ó jẹ.

Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni Bímpé ń lọ fọ ẹ̀jẹ̀ ní ilé ìwòsàn. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni Kọ́lá ti máa ń lọ síbi tó ti ń kẹ́rù ní pápákọ̀ òfurufú, nítorí náà bọ́ọ̀sì ni Bímpé ń wọ̀, níwájú ilé wọn gan-an. Mo bá a lọ. Awakọ̀, obìnrin dúdú ọmọ ibẹ̀, tẹ nǹkan kan, bọ́ọ̀sì náà sì rẹlẹ̀ wọ̀ọ̀, ó kúnlẹ̀ fún aláìsàn. Àwọn ọmọ ìwòyí nílé wa kì í kúnlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀! Ó tún dúró títí a fi jókòó kó tó gbéra.

Ṣùgbọ́n wọ́n ti lẹ ìwé mọ́ òpó ibùdókọ̀ náà pé àwọn fẹ́ mú un kúrò. Èyí tó tún sún mọ́ wa jù, ìrìn ìdajì wákàtí ni, lẹ́bàá fíríwéè, títì eléré àsápajúdé tí kò sí àyè ẹlẹ́sẹ̀ níbẹ̀. Bí wọ́n bá sì fọ ẹ̀jẹ̀ Bímpé tán, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa gbọ̀n. Kò lè rìn ín.

Lọ́jọ́ Ìsinmi a lọ sí ìjọ wọn ní Irving, nínú ilé ìkẹ́rùsí kan tí wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sí. Pásítọ̀ ní ká gbàdúrà lòdì sí ẹ̀mí tó fẹ́ gbé ibùdókọ̀ lọ. Mo sọ sí Kọ́lá létí pé kì í ṣe ẹ̀mí ló lẹ ìwé mọ́ òpó, èèyàn ni. Ó ní, "Sístà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra." Òun náà kúkú mọ̀. Àjọ tó ń bójú tó bọ́ọ̀sì fẹ́ ṣèpàdé, ẹnikẹ́ni tó bá forúkọ sílẹ̀ ló lè fi ìṣẹ́jú mẹ́ta sọ ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀. Kọ́lá ti forúkọ sílẹ̀.

Mo ní kí n rí ohun tó fẹ́ sọ. Gbólóhùn mẹ́fà péré! Kò kí ẹnì kankan níbẹ̀.

"Kọ́lá, ṣé bí ewúrẹ́ tí kì í kágò lo ṣe fẹ́ wọlé tọ àwọn àgbà lọ?"

"Sístà, aago ni wọ́n ń wò níbí."

"Gbẹ́nu dákẹ́. Ẹni tó fẹ́ tọrọ nǹkan á kọ́kọ́ kíni."

Mo gba bírò, mo tún un kọ. Kò lè bá mi jiyàn. Èmi ni mo fà á lọ́wọ́ lọ sílé-ìwé lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Lọ́nà ìpàdé, pátákó ìdìbò kún iwájú ilé àwọn èèyàn. Kọ́lá ní kí n má bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ òṣèlú, pé tẹ̀gbọ́n tàbúrò ló ń yan odì síra wọn nítorí rẹ̀. Nínú gbọ̀ngàn, baba òyìnbó kan tó dé fìlà pupa tí wọ́n kọ orúkọ olóṣèlú sí jókòó ti Bímpé. Mo fa báàgì mi mọ́ra. Bímpé ní tirẹ̀ tẹ orúnkún díẹ̀, ó kí i, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́.

Lọ́yà ilé iṣẹ́ ńlá kan ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ibi tó ti ń dárà ni aago ti ké, wọ́n sì pa makirofóònù mọ́ ọn lẹ́nu. Ẹ gbà mí! Lọ́yà olówó! Nílé, omi tútù ni wọn ì bá gbé fún un kó lè máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Inú mi dùn gan-an.

Ó wá kan Kọ́lá. Ó kí alága. Ó kí àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó kí wọn kú ìjókòó, ó kí wọn kú iṣẹ́ ìlú, ó kí wọn kú ooru, ní Gẹ̀ẹ́sì! Ó ṣàdúrà fáwọn ọmọ wọn, ó tọrọ gáfárà pé òun kéré níwájú wọn. Ó ní, "Ohun tó gbé mi wá ni pé..." Aago ké.

Ara mi bù máṣọ. Kọ́lá kò wo ojú mi, Bímpé ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́. Ojú tì mí bíi kí ilẹ̀ lanu.

Baba onífìlà ni wọ́n pè tẹ̀lé e. Ó ní ariwo bọ́ọ̀sì níwájú ilé òun ni òun wá fi sùn, ṣùgbọ́n ìyẹn lè dúró. "Ọkùnrin yẹn kí yín ju bí ẹnikẹ́ni ti kí yín rí lọ," ó ní, "ohun tó fẹ́ sọ nìyí." Ó wá sọ ọ́ bí Bímpé ti sọ ọ́ fún un, láìku ẹyọ kan: ibùdókọ̀ náà, ẹ̀jẹ̀ fífọ̀, ẹ̀gbẹ́ fíríwéè. Ó ní ìyàwó òun náà fọ ẹ̀jẹ̀ fún ọdún méjì kó tó kú, òun mọ bí ẹsẹ̀ ṣe máa ń rí lẹ́yìn rẹ̀. Bímpé dìde dúró kí wọ́n lè rí i, ó di àga mú. Nígbà tí baba náà padà jókòó, mo kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ta gìrì, ó ní ṣé mo ṣubú ni.

Alága ní àwọn á wò ó. "A ó wò ó" yìí, mo ti gbọ́ ọ nílé títí etí mi fi kún.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni mo padà wálé. Mi ò ní purọ́ fún yín, Amẹ́ríkà kì í ṣe ọ̀run. Kò yẹ kí aláìsàn máa bẹ̀bẹ̀ kó tó rí ọkọ̀ wọ̀. Síbẹ̀, ẹni tí mo fa báàgì sẹ́yìn fún ni ó fi ìṣẹ́jú tirẹ̀ tọrọ fún wa. Mo ń rò ó títí mo fi dé Ìsẹ́yìn.

Mi ò tíì tú ẹrù tán tí ohùn Bímpé fi dé sórí fóònù: "Ọkọ mi, wọ́n ti já ìwé yẹn kúrò lára òpó o! Ibùdókọ̀ wa ò lọ mọ́. Inú bọ́ọ̀sì ni mo wà báyìí. Pásítọ̀ ní àdúrà ló ṣe é." Mo ní àmín, mi ò jiyàn.

Láti ìgbà tí mo ti dáyé, mi ò bẹ àbúrò mi kankan rí. Mo pe Kọ́lá. Mo ní, "Má bínú. Ìwọ lo tọ̀nà, èmi ni mo ṣì í."

Ó wá ní, "Sístà, ká ní mi ò kí wọn tó bẹ́ẹ̀ ni, baba yẹn kì bá tí fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sílẹ̀ nítorí wa."

Ni mo bá bú sẹ́kún.