Ìyá Rúlà àti Ilé Mẹ́fà

Rúlà onígi kì í kúrò lábíyá ayàwòrán-ilé yìí, ìdí nìyẹn tí àdúgbò fi ń pè é ní Ìyá Rúlà. Orúkọ ojú nìyẹn o. Èyí tí wọ́n ń pè é lẹ́yìn kò ṣeé gbọ́ sétí, láti ọjọ́ tó ti ní òun fẹ́ kọ́ ilé mẹ́fà sórí ilẹ̀ òun tó wà lẹ́yìn ilé-ìwé, kí àwọn àgbàlagbà tó ní ọ́tísíìmù, àwọn tí ọpọlọ wọn ń gba ariwo àti ọ̀rọ̀ lọ́nà tirẹ̀, lè jọ máa gbé ibẹ̀, kí wọ́n máa ran ara wọn lọ́wọ́.

Ọmọ tirẹ̀ wà lára wọn. Obìnrin ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni, ẹ̀rọ ìránṣọ ló ń tún ṣe. Ariwo mọ́tò kò dà á láàmú, ṣùgbọ́n bí èèyàn mẹ́ta bá ń sọ̀rọ̀ pọ̀, á fọwọ́ bo etí, á sì jáde.

Àwọn aládùúgbò pe ìyá sípàdé. Alága wọn, tó ń ta táyà, kò tiẹ̀ fi ìjókòó lọ̀ ọ́.

“Ẹ kó àwọn wèrè yín lọ síbòmíràn. Àwa bímọ síbí.”

“Èmi náà bímọ síbí. Ọmọ mi ló tún máṣíìnì ìyàwó yín ṣe. Ṣé wèrè ló tún un ṣe?”

“Ẹ má fi ìyàwó mi dá àpárá.”

“Ẹ lọ bi í. Ó ń fi ránṣọ lọ́wọ́.”

Wọ́n yínmú sí i. Ṣùgbọ́n ìwé àṣẹ ìkọ́lé ti wà nínú báàgì rẹ̀ kó tó wọlé. Ó gbé e lé tábìlì, ó sì jáde láì dágbére.

Ó fi ìbínú yẹn dé ṣọ́ọ̀bù ọmọ rẹ̀, ó tẹ́ àwòrán ilé náà síwájú rẹ̀. Ọmọ wò ó pẹ́.

“Kí ni gíláàsì ń ṣe lára ilẹ̀kùn?”

“Kí alábòójútó lè máa yọjú wò yín.”

“Ta ló ń yọjú wo ẹ̀yin?”

Ọmọ tún fi ìka tẹ ibòmíràn lórí àwòrán náà.

“Yàrá ìjẹun kan fún èèyàn méjìlá. Kọ́kọ́rọ́ gbogbo ilé lọ́wọ́ ẹnì kan. Àwọn aládùúgbò fẹ́ lé wa, ẹ̀yin fẹ́ tì wá mọ́lé.”

“Gbogbo èébú tí mo ti gbà nítorí rẹ, àwọn yẹn lo wá fi mí wé?”

“Àwọn yẹn ò ya ilẹ̀kùn fún mi.”

Ìyá gbá tábìlì, àwọn ìdè ẹ̀rọ kéékèèké tó wà lórí rẹ̀ fọ́n ká ilẹ̀. Ọmọ di etí, ó bá ẹ̀yìn jáde. Odindi ọ̀sẹ̀ kan, wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀.

Ìyá ló padà wá, pẹ̀lú pẹ́ńsù. Kò tọrọ àforíjì. “Sọ ohun tí o fẹ́.”

“Ẹ bi àwọn yòókù náà.”

Ó lọ bá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹnì kan kọ ìdáhùn sínú ìwé. Òmíràn sọ fún un pé àwòrán náà kò dára rárá, ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ìyá ń ráhùn, ó ń pa àwòrán rẹ́, ó ń tún un yà, títí bébà fi ya. Níkẹyìn, ilé kọ̀ọ̀kan ní ilé ìdáná tirẹ̀, ilẹ̀kùn tí onílé fúnra rẹ̀ ń tì, àti iná mànàmáná tí kì í dún.

Nígbà tí wọ́n fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀, alága da táyà àlòkù sínú rẹ̀. Ìyá àti bíríkìlà yí wọn padà, lọ́kọ̀ọ̀kan, dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù alága.

Ilé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti kún báyìí. Ọmọ ní kí ìyá máa ránṣẹ́ kó tó wá, ìyá sì ń ránṣẹ́, pẹ̀lú ìkanra. Bí ẹ bá yin iṣẹ́ náà lójú rẹ̀, á ní wọ́n ba àwòrán òun jẹ́ ni.