Aago Tó Ní Sùúrù

Ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi láti ọ́fíìsì kan ní Mende, wọn ò tíì parí ẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sójú ẹ̀ gan-an, lókè lápá ọ̀tún, pẹ̀lú lẹ́tà pupa: ÈYÍ KÒ TÍÌ PARÍ. Mo fẹ́ràn lẹ́tà pupa náà. Ẹ̀rù ohun tó ti parí máa ń bà mí, torí pé tó bá bàjẹ́ lọ́wọ́ mi, èmi ni mo bà á jẹ́. Èyí tí kò tíì parí, ẹ̀bi ẹ̀ pọ̀ tó kí gbogbo wa pín in.

Kì í ṣe ètò orin tàbí ti eré o. Ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń jí ni, èyí tí gbogbo ètò yòókù ń dúró lé lórí. Àwọn tó ṣe é fẹ́ gbé e síta láìpẹ́, ó sì gbọ́ Yorùbá, ìyẹn ni wọ́n ṣe ní kí ọ́fíìsì Mende yìí bá wọn yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ́fíìsì náà ń wá ènìyàn méjì tí yóò máa ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kí àwa tí a kọ̀wé wá lo ètò náà fún ọ̀sẹ̀ méjì lórí kọ̀ǹpútà wa, ká fi Yorùbá kọ ohun tí a rí ránṣẹ́, lẹ́yìn náà ọ̀gá wọn yóò bá wa sọ̀rọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ó ti tó ọdún kan àtààbọ̀ tí mo ti bọ́ aṣọ agùnbánirọ̀. Èmi àti màmá mi là ń gbé yàrá méjì lókè ilé kan ní Ìkòsí. Mo fẹ́ kí ẹ mọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí lára mi. N kò fẹ́ ẹ bí ẹni tó fẹ́ bàtà tuntun. Mo fẹ́ ẹ bí ẹni tó ti ń jókòó sórí àga ìyá ẹ̀ fún ọdún kan àtààbọ̀, tí ìyá náà kò sì sọ nǹkan kan. Ká ní màmá mi sọ nǹkan ni, ǹ bá ti rí nǹkan fi dá wọn lóhùn. Àràárọ̀ ni wọ́n ń bi mí bóyá mo ti jẹun.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ètò náà sórí kọ̀ǹpútà, ó kọ ọ́ síta pé: Ẹ má ṣe pa kọ̀ǹpútà yìí. Bátìrì kọ̀ǹpútà mi ti kú tipẹ́. Inú ògiri ló ti ń fa iná bíi fíríìjì. Mo ka ìkìlọ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì, mo wá gbójú sókè wo gílóòbù. Ó yé mi pé kì í ṣe èmi ló yẹ kí wọ́n kìlọ̀ fún. Ó ti dé mọ́kàndínláàádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún kí iná tó lọ. Nígbà tí iná dé, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti òdo, kò bínú, kò sì bi mí ní ìbéèrè kankan. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé ètò náà ní ìwà.

Ní ọjọ́ kejì, Bàbá onílé gòkè wá. Ọmọ onílẹ̀ Ìkòsí ni wọ́n, ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń gbé, kò sì sí ohun tuntun tó ń wọ ilé náà tí wọn kì í wá wò.

"Wọ́n ní àwọn ará Mende kan fún ẹ ní nǹkan tuntun."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ẹ káàsán, sà. Ṣùgbọ́n wọn ò tíì parí ẹ̀, sà."

"Wọn ò tíì parí ẹ̀, ìwọ sì ti kó wọnú ẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n jókòó. "O káre! Nígbà tí èmi kó wọ ilé yìí, kò ní fèrèsé. Pákó ni mo fi dí i. Láyé ìgbà yẹn, tó o bá ní kó o parí ilé kó o tó kó wọlé, ẹlòmíì á ti bí ọmọ méjì síbẹ̀ kó o tó ra símẹ́ǹtì." Wọ́n wo yàrá náà yíká bí ẹni tó ń wo ọmọ tó yege. "Àbí ilé náà ò tura?"

"Ó tura gan-an ni, sà," ni màmá mi dáhùn láti ìdí ààrò. "Ẹ̀yin lẹ máa pẹ́ lórí ẹ̀."

Abọ́ kan wà lábẹ́ àga tí Bàbá jókòó sí. Ó ti tó ọdún mẹ́rin tí a ti ń fi í gbe omi òjò tó ń gba inú àjà wọlé. Tí màmá mi bá ti gbúròó Bàbá lórí àtẹ̀gùn, wọ́n á fẹsẹ̀ ti abọ́ náà sábẹ́ àga, wọ́n á sì lọ kí Bàbá lẹ́nu ọ̀nà. Omi kì í dà nínú ẹ̀. Ẹsẹ̀ màmá mi ti mọ̀ ọ́n.

Bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn. Tí wọ́n bá gbé ọmọ tuntun hàn ọ́, o ò ní sọ pé orí ẹ̀ gùn. Tí wọ́n bá gbé oúnjẹ fún ọ, tí iyọ̀ pọ̀ jù, omi ni wàá béèrè. Ohun tí ènìyàn fi òógùn ojú ẹ̀ ṣe, ìkíni la fi ń gbà á. Torí náà, nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjì pé tí mo jókòó láti kọ ìjábọ̀ mi, mo kọ́kọ́ kí àwọn tó ṣe ètò náà kú iṣẹ́ ní ìlà mẹ́fà. Ètò náà máa ń dákú tí mo bá ṣí ìwé méjì pọ̀. Mo kọ ọ́ pé ó máa ń sinmi díẹ̀, èyí tó dára fún ojú. Ó gbé lẹ́tà tí mo fi ń wáṣẹ́ lọ síbi tí mi ò mọ̀. Mo kọ ọ́ pé ó fẹ́ràn láti tọ́jú nǹkan, bóyá èmi ni mi ò tíì mọ àṣà ibẹ̀.

Aago ẹ̀ wá jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Nígbàkúùgbà tí iná bá lọ tó sì dé, ibi tí aago náà wà nígbà tí iná lọ ló ti ń bá ọ̀nà ẹ̀ lọ, bí ẹni tó sùn lọ láàárín ọ̀rọ̀ tó jí tó ń bá ìtàn ẹ̀ lọ. Ètò tí mo ń lò tẹ́lẹ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ronú lórí ẹ̀ fún bíi wákàtí kan. Ó ń ṣe mí bíi pé tí mo bá sọ pé aago wọn kò dáa, ojú á ti ẹnì kan níbì kan. Níkẹyìn mo kọ ọ́ pé: Aago rẹ̀ wuyì, ó sì ní sùúrù. Mo fi àdúrà parí ìjábọ̀ náà, mo fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ Jímọ̀. Ọkàn mi balẹ̀ gan-an. Ó yẹ kí ìyẹn ti kìlọ̀ fún mi.

Ní Sátidé, mo tẹ̀ lé màmá mi lọ sí Mile 12. Oúnjẹ ni wọ́n ń sè fún àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì kan ní Òjòtá, Sátidé sì ni wọ́n ń ra tòmátì. Iṣẹ́ tèmi ni kí n gbé àpò kí ojú sì máa tì mí. Màmá mi kí ọkùnrin tó ń tà á, wọ́n béèrè ìyàwó ẹ̀, wọ́n béèrè àwọn ọmọ, wọ́n yin àwọn tòmátì tó wà lókè apẹ̀rẹ̀ pé wọ́n ń dán. Lẹ́yìn náà wọ́n ki ọwọ́ bọ ìdí apẹ̀rẹ̀ títí dé ìgúnpá.

"Haba, Màmá! Ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́!"

"Tí mi ò bá tẹ̀ ẹ́, ta ló fẹ́ bá mi tẹ̀ ẹ́?" Wọ́n fa ọ̀kan yọ tó ti ń ṣomi. "Èyí ńkọ́? Ṣé ẹbí ẹ̀ mọ̀ pé ó ti kú?"

"Ọ̀kan péré ni, Màmá."

"Dà á sílẹ̀ ká jọ kà á."

Ọkùnrin náà da gbogbo apẹ̀rẹ̀ sórí àpò, ó ń ráhùn, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ọ̀kan péré. Mo ń wo ojú ọ̀run.

Ọjọ́ Túsìdè, aago mẹ́wàá àárọ̀, ni èmi àti ọ̀gá Mende jọ dá. Mo jí ní kùtùkùtù, mo tan kọ̀ǹpútà. Ilé wa kì í rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì mú àfi lẹ́bàá fèrèsé, torí náà mo ti fóònù bọ inú ọ̀rá, mo so ó mọ́ irin fèrèsé níta kí kọ̀ǹpútà lè máa ti ara ẹ̀ gba íńtánẹ́ẹ̀tì, mo sì pa ohùn ẹ̀ kó má baà dí wa lọ́wọ́. Iná lọ. Mo sọ̀kalẹ̀ lọ pọnmi, èrò pọ̀ nídìí ẹ̀rọ omi, mo wẹ̀, mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì, mo so táì. Nígbà tí iná dé tí mo tún tan kọ̀ǹpútà, ó ní aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá. Inú mi dùn. Mo ní mo mà yára o. Aago ara ògiri wa ti kú láti ọdún tó kọjá, màmá mi sì ti lọ síbi iṣẹ́. Mo ti kọ ọ̀rọ̀ sùúrù yẹn dáadáa débi pé èmi fúnra mi ti gbà á gbọ́.

Mo jókòó. Mo ń fi ẹnu lásán dánra wò, mo ń kí kọ̀ǹpútà ní "Ẹ káàárọ̀, mà" pẹ̀lú oríṣiríṣi ẹ̀rín. Lẹ́yìn náà, fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ó ń lu irin fèrèsé.

"Ẹ káàárọ̀, mà," ni mo wí. Ọ̀gá Mende ni.

"Ṣé o ò wá mọ́ ni?"

"Mo ti múra sílẹ̀, mà. Ó ku ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, mà."

Mo gbọ́ tí ẹ̀rọ amúlétutù wọn ń kùn. "Aago mẹ́wàá ti kọjá ogún ìṣẹ́jú," ni wọ́n wí. "Ìjábọ̀ ẹ ló wà níwájú mi yìí. 'Aago rẹ̀ wuyì, ó sì ní sùúrù.' Kí ló ń jẹ́ sùúrù?"

Mo ṣàlàyé. Ó gùn díẹ̀.

"Ìyẹn ni pé aago náà ò ṣiṣẹ́."

"Ó ń ṣiṣẹ́, mà. Ó kàn jẹ́ pé..."

"Ó kàn jẹ́ pé kí?"

"Ó kàn jẹ́ pé ó máa ń dúró dè wá, mà, tí iná bá lọ."

"Gbọ́ mi. Mo ní kó o sọ ohun tó o rí fún mi, o ń kí mi kú oríire. Àdúrà wà níparí ẹ̀! Mo ti ṣe àmín. Àmọ́ mi ò lè fi àmín ránṣẹ́ sí àwọn tó bẹ̀ wá níṣẹ́. Títí aago márùn-ún òní, kọ gbogbo ohun tí kò dáa níbẹ̀ wá. Tí mi ò bá rí i, mo máa mú ẹlòmíì. Aago fóònù ni kó o wò o."

Nígbà tí màmá mi dé ní bí aago méjì, mo ṣì so táì, n kò tíì kọ nǹkan kan. Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún wọn. Mo ní kì í ṣe pé mi ò rí àléébù náà, mo rí i. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti fẹ́ kọ ọ́, ó ń ṣe mí bíi pé mo jókòó sí yàrá ẹni tó ṣe é, tí mo ń jẹ oúnjẹ ẹ̀. Mo ní ẹ̀yin náà, Mummy, ẹ máa ń da apẹ̀rẹ̀ ẹni ẹlẹ́ni sílẹ̀ ní Mile 12, síbẹ̀ ọdún mẹ́rin rèé, ẹ ò tíì sọ fún Bàbá pé ilé wọn ń jò.

Wọ́n bọ́ gèlè wọn, wọ́n rora ká a.

"Tòmátì, mo fẹ́ rà á ni," ni wọ́n wí. "Ilé, inú ẹ̀ là ń gbé. Kọ̀ǹpútà tìẹ yìí ńkọ́, ṣé ò ń rà á ni àbí ò ń gbé inú ẹ̀?"

Mo ronú sí i. "Wọ́n ní kí n bá àwọn tó máa rà á wò ó ni."

"Ṣé o ti wá rí i? Dà á sílẹ̀. Bọ́ ohun tó wà lọ́rùn ẹ yẹn kó o tó fún ara ẹ pa."

Mo dà á sílẹ̀. Mo kí wọn ní ìlà kan péré, torí pé màmá mi náà kọ́kọ́ béèrè ìyàwó ọkùnrin yẹn, lẹ́yìn náà mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Àléébù mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni. Mo kọ ọjọ́ tí mo rí ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo kọ ohun tí mo ń ṣe lọ́wọ́. Níbi ìkeje mo kọ ọ́ pé: Tí iná bá lọ lójijì, aago yóò dúró; tí iná bá dé, kò ní béèrè iye aago tó lù lọ́wọ́ íńtánẹ́ẹ̀tì; ẹni tó bá gbọ́kàn lé e yóò pẹ́ dé ibi iṣẹ́, ojú yóò sì tì í. Mo pa gbólóhùn ìkẹyìn yẹn rẹ́. Mo tún dá a padà. Aago mẹ́rin kọjá ogójì ìṣẹ́jú lórí fóònù ni mo fi ránṣẹ́. Ọjọ́ méjì ni mo fi ń ṣọ́ fóònù.

Lọ́jọ́bọ̀, ọ̀gá gba ohùn wọn sílẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. "Ọgbọ̀n nínú ẹ̀, a ti mọ̀ ọ́n. Ìkeje yẹn, a ò mọ̀ ọ́n, kò sì sí bá a ṣe máa mọ̀ ọ́n, torí iná kì í lọ níbí. Oṣù mẹ́ta la máa fi dán ẹ wò. Máa bọ̀ ní Mọ́ńdè, aago mẹ́jọ. Mẹ́jọ gidi."

Ìròyìn náà dé ìsàlẹ̀ ilé kí n tó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì. Òjò ń rọ̀ nígbà tí Bàbá onílé gòkè wá kí wa, wọ́n gbàdúrà fún mi, wọ́n jókòó, wọ́n wo yàrá yíká.

"Ilé yìí lo ti rí iṣẹ́ o. Àbí ilé náà ò tura?"

Màmá mi wà nídìí ààrò, ọ̀nà wọn jìn. Èmi ni mo wà lẹ́bàá àga. Mo fẹsẹ̀ ti abọ́ náà wọ abẹ́ àga sí i díẹ̀. Omi ti kún un dé ìlàjì, ṣùgbọ́n kò dà.

"Ó tura gan-an ni, sà," ni mo wí.